Wọ́n Ní Ó Ti Wọjà

Ní Sátidé tó kọjá, ẹgbẹ́ kan tó ń ṣe ìrànwọ́ fún ará ìlú ní Ìlọrin pè mí pé kí n wá bá àwọn sọ̀rọ̀ nípa àìsàn ọpọlọ. N kì í ṣe dókítà. Olùkọ́ ni mí, ẹ̀gbọ́n ni mo sì jẹ́ fún ọkùnrin kan tí àìsàn tí wọ́n ń pè ní schizophrenia ti ń bá fínra láti ọdún 19 sẹ́yìn. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ ìtàn òun, kí n ṣáà má dárúkọ òun. Ohun tí mo bá wọn sọ nìyí.

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ kú ìjókòó.

Àwọn àgbà ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ọ̀fà, mo wà lára àwọn tó ń sáré tẹ̀lé wèrè kiri ìgboro, tí à ń sọ ọ́ lókò, tí à ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó kan ilé wa.

Ọmọ ọdún 21 ni àbúrò mi nígbà náà, ó wà ní pólì, ó wá sílé fún ìsinmi. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó fi aṣọ ìnura bo rédíò bàbá wa. Ó ní ẹni tó ń ka ìròyìn ń dárúkọ òun, pé ó ń sọ ohun tí òun ń rò nínú fún gbogbo ayé gbọ́. A rò pé àwàdà ni. Kò pẹ́ tí kò fi jẹ oúnjẹ ìyá wa mọ́, ó ní májèlé wà níbẹ̀. Lóru, a máa ń gbọ́ ọ bó ṣe ń fèsì, bí ẹni pé àwọn kan wà nínú yàrá pẹ̀lú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ dé. Ọmọ tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù kò jáde mọ́, kò wẹ̀, á jókòó sójú kan láti àárọ̀ dalẹ́. Mo pè é ní ọ̀lẹ. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yẹn, nítorí dókítà ṣàlàyé fún mi pé àìsàn náà ló ń gba okun àti ìfẹ́ àtiṣe nǹkan lọ́wọ́ èèyàn, àti pé apá yẹn gan-an ni oògùn kì í tètè ràn.

Dókítà ọmọ Switzerland kan, Eugen Bleuler, ló fún àìsàn náà ní orúkọ tó ń jẹ́ ní 1908. Èdè Gíríìkì ló fà á yọ, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ọkàn tó pín. Orúkọ yẹn ti ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà, wọ́n á ní èèyàn méjì ló wà nínú ara kan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èrò, ìmọ̀lára àti ohun tí etí ń gbọ́ ni kò bá ara wọn rìn mọ́. Ní 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bí èèyàn mílíọ̀nù 24 ló ní in láyé, bí ẹnì kan nínú 300. Ẹ dúró sí ẹnu ọ̀nà ọjà Ìpàta láàárọ̀, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi ka èèyàn 300.

Kí ló ń fà á? Wọ́n bi ìyá wa pé ta ló ṣẹ̀, wọ́n bi í pé kí ló jẹ nígbà tó wà nínú oyún. Ohun tí àwọn onímọ̀ mọ̀ ni pé ó ń rìn nínú ìdílé, ṣùgbọ́n ìdílé nìkan kò tó. Ẹ wo ìbejì, àwa tí a bí ìbejì ju ọ̀pọ̀ ẹ̀yà lọ: bí Táíwò bá ní in, tí òun àti Kẹ́hìndé sì ti inú ẹyin kan náà wá, ó lè má kan Kẹ́hìndé rárá, bí ìdajì irú wọn ló ń kàn, tàbí kó dín díẹ̀. Igbó mímu láti kékeré ń dá kún ewu rẹ̀. Àbúrò mi kò mu igbó rí.

Bàbá wa gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú kan tó jìnnà. N ò ní dárúkọ ibẹ̀. Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ so ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ìtì igi fún oṣù méje, wọ́n ní pàṣán ni yóò lé ohun tó wà lára rẹ̀ jáde. Àpá náà ṣì wà ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Kì í wọ ṣòkòtò péńpé. Bàbá wa kì í ṣe òǹrorò èèyàn. Ẹ̀rù ló ń bà á, àwọn tó yí i ká sì ti sọ fún un pé kò sí ọ̀nà mìíràn.

Ó sá kúrò níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi wá a, kí ẹnì kan tó rí i ní Gáráàjì Ọ̀fà níbí, tó ń sùn sábẹ́ tábìlì àwọn ọlọ́jà. Àbúrò bàbá wa pe ìpàdé ẹbí, ó ní kí á má náwó mọ́. Ó ní, “Ó ti wọjà.” Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Gbogbo wa la ti gbọ́ ọ láti kékeré pé wèrè tó bá ti wọjà kò ṣeé wò mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló gbé mi wá síwájú yín. Kò sí ohun tó wà nínú ọjà tó ń yí ọpọlọ padà. Aláìsàn ń lọ sọ́jà nítorí pé oúnjẹ wà níbẹ̀, ibi ìsùn wà, èrò sì pọ̀. Bó bá ti débẹ̀ ni àwa ẹbí ń jáwọ́, tí à ń sọ pé àìsàn rẹ̀ ni kò gbọ́ oògùn. Lóòótọ́, bí ìtọ́jú bá ṣe ń pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ ń le sí i. Síbẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní, ó kéré tán, ẹnì kan nínú mẹ́ta ni ara rẹ̀ lè yá pátápátá.

Ìyá wa kò bá wọn jiyàn. Ó lọ ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Bàbókò, ó ń gbé ẹ̀kọ àti àkàrà lọ sí gáráàjì láràárọ̀. Lọ́jọ́ kìíní, ọmọ náà sá fún un. Ó gbé oúnjẹ kalẹ̀, ó jókòó sí ọ̀ọ́kán, ó ń pe oríkì rẹ̀. Ọjọ́ kẹtàdínlógún ni ọmọ yíjú padà. Ó ní, “Ìyá, àwọn yòókù náà ń pè mí, ṣùgbọ́n wọn ò mọ oríkì mi.” Àwọn ohùn tó ń gbọ́ ló ń sọ.

Ìgbà tí mo kà nípa Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, ni mo rí i pé ìyá wa kò ṣe ohun àjèjì. Ní 1954 ni Lámbò bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé rẹ̀ ní Àró. Àwọn aláìsàn ń gbé nínú ilé àwọn ará abúlé, ìbátan wọn ń bá wọn gbé níbẹ̀, wọ́n ń gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́. Ó tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Ayé kẹ́kọ̀ọ́ lára rẹ̀. Àwọn oníṣègùn wa kò sì jẹ́ òpè: wọ́n ti ń lo gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ fún ọpọlọ tó dàrú tipẹ́, reserpine sì wà nínú rẹ̀, oògùn tí ilé ìwòsàn òyìnbó náà lò fún sáà kan láyé 1950. Ṣùgbọ́n ó lè já ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ èèyàn wálẹ̀ jù, ẹni tó ń bu ú nínú àgbo kò sì lè wọn ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìyẹn dánra wò nílé.

Ní ilé ìwòsàn, abẹ́rẹ́ ni àbúrò mi ń gbà lóṣooṣù. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó mú kí ọrùn rẹ̀ le, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Àwọn èèyàn ní oògùn ló sọ ọ́ di wèrè. Dókítà dín in kù, ó fi hóró oògùn mìíràn kún un. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àìsàn náà ti padà. Ìgbà kan, ara rẹ̀ yá, ó rò pé òun kò nílò oògùn mọ́. Ìgbà kejì, owó ni kò sí. Álífáà tó ń gbàdúrà fún un báyìí kì í bẹ̀rẹ̀ kó tó bi í léèrè pé, “Ṣé o ti gba abẹ́rẹ́?” Ọlọ́run á san án fún un.

Ilé ìwòsàn wà nítòsí wa, ní Òkè-Òyì àti ní Búdó-Ẹ̀gbá. Òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní 2023, sì ti rọ́pò òfin 1958 tó ń pe àwọn èèyàn wa ní wèrè láti orúkọ rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ yín ṣe ni owó ọkọ̀ àti owó abẹ́rẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹbí ń já sí. Ẹ sì gbà wọ́n síṣẹ́. Àbúrò mi ń sin adìẹ báyìí, ẹyin rẹ̀ ni mò ń rà.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, ìyá kan bi mí pé kí ni kí òun sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n òun tó ń gbọ́ ohùn. Mo ní kí wọ́n má bá a jiyàn, kí wọ́n má sì purọ́ pé àwọn náà ń gbọ́ ọ. “Èmi ò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹ̀rù ń bà ọ́.” Kí wọ́n wá bi í bóyá ó ti jẹun.

Nígbà tí a tú ká, bàbá kan tẹ̀lé mi dé ìdí mọ́tò. Ó ní ọmọkùnrin kan wà nítòsí ṣọ́ọ̀bù òun tí òun máa ń dà omi lé kúrò. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní òun mọ ilé ìyá rẹ̀, pé òun máa yà síbẹ̀ lọ́la láti lọ béèrè oríkì rẹ̀.