Gbàdúrà, Kí O Sì Mọ Ìgbátí: Ìyànjú Òwúrọ̀ fún Ẹni Tó Ń Lọ Síbi Iṣẹ́

Bíbélì kíkà: Diutarónómì 22:8, Nehemáyà 4:9, Sáàmù 130

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa. A kú ojúmọ́. Ojúmọ́ tó mọ́ wa yìí, ire ni yóò jẹ́ fún tọmọdé tàgbà.

Kí ẹ tó gbé báàgì yín kọ́ èjìká, ẹ bá mi dúró díẹ̀. Òfin kan wà nínú Diutarónómì tí a kì í sábà gbọ́ lórí pẹpẹ. Ọlọ́run ní ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun, kó ṣe ìgbátí sí òrùlé rẹ̀, ìyẹn odi kékeré tí yóò yí i ká, kí ènìyàn má baà jábọ́ láti òkè, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má baà wá sórí ilé náà. Òrùlé pẹrẹsẹ ni tiwọn láyé ọjọ́un, orí ẹ̀ ni wọ́n ti ń gba atẹ́gùn. Ẹ kíyè sí i pé Ọlọ́run kò sọ fún onílé pé kó máa gbàdúrà kẹ́nikẹ́ni má ṣubú. Ó ní kó mọ odi.

Ibi tí ẹsẹ yìí gbé ọkàn mi lọ láàárọ̀ yìí jìnnà díẹ̀. Ó gbé mi dé Wales ní ilẹ̀ Bìrìtéènì, níbi tí wọ́n ti ń wa èédú lábẹ́ ilẹ̀ láyé ọjọ́un. Ẹ má wulẹ̀ sọ pé kí ló kàn wá níbẹ̀. D. P. Williams, tó bá àwọn míṣọ́nnárì Ìjọ Àpọ́sítélì wá sí Èkó ní 1931 lẹ́yìn ìsọjí ńlá ọdún 1930, awakùsà èédú ni kó tó di oníwàásù. Evan Roberts tí Ọlọ́run lò nínú ìsọjí Wales ní 1904, láti kékeré ni òun náà ti wọ inú ihò lọ. Nítorí náà, àwọn tó ń fi èédú kun ojú yẹn, ẹbí wa ni wọ́n nínú ìgbàgbọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo bí iṣẹ́ wọn ti rí. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí ọkùnrin yóò ti jáde, agolo oúnjẹ lọ́wọ́ kan, ìgò páànù lọ́wọ́ kejì. Wọ́n rọ agolo yẹn kó dé pinpin, nítorí eku tó wà nísàlẹ̀ kò mọ̀ pé oúnjẹ olóúnjẹ ni. Lẹ́nu ihò, wọn yóò yẹ àpò rẹ̀ wò bóyá ìṣáná tàbí tábà wà níbẹ̀. Wọn yóò fún un ní àtùpà tí wọ́n tì pa, kó má lè ṣí i láàárín gáàsì inú ilẹ̀ tó máa ń gbiná. Lẹ́yìn náà ni yóò wọ àgò irin pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àgò náà yóò sì já wọn lulẹ̀ sínú òkùnkùn biribiri, inú wọn á fẹ́ẹ̀ bọ́ sí ọ̀fun. Wọ́n á tún rìn jìnnà kí wọ́n tó débi tí èédú wà. Ibẹ̀ ni yóò kúnlẹ̀, tàbí kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, tí yóò máa gẹ́ ẹ. Èédú tó bá gbé jáde ni wọ́n ń wọ̀n sanwó fún un, nítorí náà àkókò tó bá fi gbé òpó igi ró sábẹ́ òrùlé ihò, lára owó oúnjẹ àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń yọ ọ́.

Òrùlé tún dé o.

Ìbúgbàù la máa ń gbọ́ nínú ìtàn, ṣùgbọ́n òkúta àti èédú tó ń já láti òkè ihò lu àwọn awakùsà ló pa wọ́n jù: ẹnì kan lónìí, ẹnì kan lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìròyìn kì í gbé irú ikú bẹ́ẹ̀ jìnnà. Aya yóò ṣáà wà nídìí ààrò, omi ìwẹ̀ ọkọ rẹ̀ lórí iná, yóò gbọ́ ìró bàtà àwọn ọkùnrin bíi mélòó kan tí wọ́n ń rọra rìn bọ̀, àsìkò ìṣíwọ́ kò sì tíì tó. Kó tó ṣílẹ̀kùn ló ti mọ̀.

Wàyí o, ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 1913, ní abúlé Senghenydd, nǹkan bíi 950 ọkùnrin àti ọmọkùnrin ló wà nísàlẹ̀. Ọjọ́ tí àwa ń pè ní Ìṣẹ́gun ni. Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá nígbà tí gáàsì inú ilẹ̀ gbiná. Ìbúgbàù yẹn tú eruku èédú sókè, eruku ọ̀hún náà gbiná, iná wá ń lé ara rẹ̀ kiri láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan sí èkejì. Àwọn tí iná kò débi tí wọ́n wà, afẹ́fẹ́ olóró tó tẹ̀ lé e bá wọn níbẹ̀. Awakùsà 439 ló kú, ọ̀kan nínú àwọn tó lọ gbà wọ́n là sì kú pẹ̀lú. Mẹ́jọ nínú wọn kò ju ọmọ ọdún 14 lọ. Ó lé ní 200 obìnrin tó di opó láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Bá a bá dúró síbí, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa sọ ni pé, "Àmúwá Ọlọ́run ni." Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì sọ ọ́.

Ihò yìí kan náà ti búgbàù rí, ní oṣù Karùn-ún ọdún 1901. Ènìyàn 81 ló bá a lọ, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n gbé jáde láàyè. Ìjọba wá ṣòfin ní 1911 pé fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ihò, kí wọ́n ṣe é lọ́nà tí wọn yóò fi lè tètè dá atẹ́gùn náà padà bí iná bá ṣẹ́, kí èéfín olóró má baà ṣàn lọ bá àwọn tó kù. Wọ́n dá ọjọ́ fún un: ìbẹ̀rẹ̀ 1913. Wọ́n tún sún ọjọ́ náà síwájú títí di oṣù Kẹsàn-án. Oṣù Kẹwàá dé, fáànù kò tíì yí padà.

Ọ̀gá tó ń bójú tó ihò náà kì í ṣe òṣìkà o, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Nígbà tó búgbàù, òun fúnra rẹ̀ wọlẹ̀ lọ láti wá àwọn ènìyàn rẹ̀, iná ṣì ń jó lọ́hùn-ún. Ọkùnrin tó lè kú nítorí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni, síbẹ̀ fáànù wà bó ṣe wà. Èyí ló bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Ilé ẹjọ́ bu owó ìtanràn pọ́ùn 24 lé e, wọ́n sì bu pọ́ùn 10 lé ilé-iṣẹ́ náà. Ẹ fi 439 pín in, kí ẹ wo ohun tí wọ́n ka ènìyàn kan sí.

Ará, ṣé Ọlọ́run ni kò ra fáànù? Nehemáyà ní, "A gbàdúrà," ó sì tún ní wọ́n yan ẹ̀ṣọ́ lọ́sàn-án àti lóru. Ìwọ tó ní ọmọṣẹ́, ìwọ tó ń wakọ̀ èrò, ìwọ ọ̀gá lébìrà, ìwọ onílé, níbo ni ìgbátí tìrẹ wà? Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí náà jẹ̀bi. Wáyà kan bó lẹ́yìn ilé wa, ó lé ní oṣù mẹ́ta tí mo fi ń gbàdúrà ààbò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àná ni mo tó pe oníná.

Ẹ̀rù kọ́ ni mo fẹ́ fi bà yín o. Ní Senghenydd yẹn kan náà, lóru mọ́jú ọjọ́ kejì, nígbà tí ọ̀pọ̀ ti ń sọ̀rètí nù, wọ́n rí ọkùnrin 18 láàyè nínú òkùnkùn ọ̀hún. Láti inú ibú ni onísáàmù ti ké, Olúwa sì gbọ́. Kò sí ihò tó jìn kọjá etí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Olúwa, a dúpẹ́ tí o jí wa. Bí a ti ń jáde lọ yìí, jáde pẹ̀lú wa. A kò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ẹsẹ̀ tó gbé wa jáde náà ni yóò gbé wa wọlé, a kò ní di ẹni àwátì, wọn kò ní fi pákó gbé ẹnikẹ́ni wa wálé ní orúkọ Jésù.

Baba, ohun tó yẹ ká tún ṣe tí a ń fi dọ̀la, fi hàn wá lónìí, kó o sì fún wa lówó àti agbára láti ṣe é. Má jẹ̀ẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ wá sórí ilé wa. Má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí à ń gbọwọ́ rẹ̀ jẹun tìtorí owó fi ẹ̀mí wa wéwu.

Àwọn tó wà lábẹ́ ilẹ̀ láàárọ̀ yìí, ní orílẹ̀-èdè yòówù kó jẹ́, tí wọ́n ń wa èédú, wúrà tàbí òkúta, Olúwa, di òrùlé mú lórí wọn. Aya tó fi omi sórí iná de ọkọ, ìyá tó ń retí ọmọ, jẹ́ kí ẹni tí wọ́n ń retí fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Àwọn tí tiwọn kò padà wálé, mu ẹkún wọn gbẹ, má sì jẹ̀ẹ́ kí wọ́n ṣe alágbe. Ní orúkọ Jésù Olúwa wa. Àmín.

Sáàmù 121 la ó fi jáde. Ẹni tó ń lo akoto níbi iṣẹ́, kó mú un dání.