Mílígíráàmù méjì: bí a ṣe ń wọn agbára ẹ́ńsáìmù tó ń tú sẹ́lúlóòsì

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ní Kétu níbí, bí a bá kórè àgbàdo tán, iná la sábà máa ń kì bọ pòròpórò. Ṣúgà là ń sun yẹn o! Gúlúkóòsì tó so kọ́ra wọn tìrìgbọ̀n-tìrìgbọ̀n ni sẹ́lúlóòsì inú rẹ̀. Ẹ́ńsáìmù, ìyẹn èròjà inú ẹ̀dá alààyè tó ń mú kí iṣẹ́ yá, lè tú u, àmọ́ èwo ló lágbára jù? Àfi ká wọ̀n ọ́n.

Bébà asẹ́ Whatman No. 1 la fi ń dán an wò, bí onímọ̀ kan, Ghose, ṣe là á kalẹ̀ fún IUPAC, ẹgbẹ́ onímọ̀ kẹ́mísìrì àgbáyé, lọ́dún 1987. Ẹ gé e ní sẹ̀ǹtímítà 1 sí 6, mílígíráàmù 50 nìyẹn. Ẹ ká a sínú túúbù, ẹ bu mílílítà 1 omi sítíréètì sí i, tí pH rẹ̀ (ìwọ̀n bó ṣe kan tó) jẹ́ 4.8, kó bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ́ńsáìmù, ìdajì mílílítà. Digírì 50, wákàtí kan géérégé. DNS, oògùn tó ń pọ́n bó bá pàdé ṣúgà, mílílítà 3, kí iṣẹ́ dúró. Ẹ sè é fún ìṣẹ́jú 5, ẹ bomi là á, ẹ fi ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ kà á ní nánómítà 540. Bó bá ṣe pọ́n tó ni ṣúgà ṣe pọ̀ tó.

Ó yá, ẹ sún mọ́ mi. Ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń ṣìnà rèé! Wọ́n á bomi la ẹ́ńsáìmù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n á ka ṣúgà, wọ́n á sì sọ ọ́ di ìlọ́po iye tí wọ́n fi bomi là á. Rárá o! Ẹ má ṣe é!

Ẹ wo ọ̀wẹ̀, tí mo fẹ́ràn láti kékeré. Ènìyàn mẹ́wàá wọ oko kan, koríko lọ kíá. Ẹ pe ogún sí oko yẹn kan náà, ṣé iṣẹ́ á di ìlọ́po méjì? Koríko ti tán, kùkùté ló kù! Bébà náà níbi rírọ̀ àti ibi líle. Ẹ́ńsáìmù á kọ́kọ́ jẹ èyí tó rọ̀, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fà.

Nítorí náà, iṣẹ́ kan náà la ń gbé fún gbogbo wọn: MÍLÍGÍRÁÀMÙ MÉJÌ gúlúkóòsì. Mo tún un sọ, MÉJÌ! Ẹ bomi la ẹ́ńsáìmù lóríṣiríṣi, kí ṣúgà ọ̀kan ju méjì lọ díẹ̀, kí òmíràn dín díẹ̀. Ẹ fa ìlà láàárín wọn, ẹ wo ibi tó ti kan méjì gan-an.

Ẹ má gbàgbé túúbù tó jẹ́ ẹ́ńsáìmù nìkan, láìsí bébà. Ẹ́ńsáìmù fúnra rẹ̀ lè gbé ṣúgà wá látilé. Ẹ yọ ṣúgà yẹn kúrò nínú iye tí ẹ kà.

Ẹ wá fi ìwọ̀n ẹ́ńsáìmù tó mú méjì jáde pín 0.37, nọ́ńbà tí ìlànà yìí fún wa. Bó bá jẹ́ ìdá kan nínú ogún, ìyẹn 0.05, FPU (filter paper unit, ìwọ̀n agbára ẹ́ńsáìmù lórí bébà asẹ́) 7.4 ló wà nínú mílílítà kan. Bí ẹ́ńsáìmù yín ò bá wá lè dé méjì láìtiẹ̀ bomi là á rárá, ẹ má fi FPU pè é. Iye ṣúgà tó tú jáde ni kí ẹ kọ sílẹ̀.