Yíya Ọnà Ìfọ̀kànbalẹ̀: Bí A Ṣe Ń Ṣe É, àti Bí A Ṣe Ń Fi Kọ́ Ẹlòmíràn

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin olùwòran wa, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Àbújá, Kàdúná, Kánò, Jọ́ọ̀s àti àwọn ìlú mìíràn ní Òkè Ọya. Àlàyé wa lónìí dá lórí iṣẹ́ ọwọ́ kan tí kò nílò ṣọ́ọ̀bù, tí kò nílò iná mànàmáná, tí ẹni tí kò mọ àwòrán yà rárá sì lè ṣe. Yíya ọnà kéékèèké sórí ìwé ni, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, títí ara yóò fi rọlẹ̀. Èrò tèmi ni pé ohun tí ó ń mú ọkàn balẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí ni pé a ti fọ́ ọnà náà sí wẹ́wẹ́ débi pé ọwọ́ kò rí ohun tí yóò bẹ̀rù mọ́. Fífọ́ ọnà sí wẹ́wẹ́ yìí kan náà ni iṣẹ́ olùkọ́, ìdí nìyẹn tí n kò fi ní ya kíkọ́ ọ àti fífi kọ́ni sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú àlàyé yìí.

Ìlànà tí ó gbajúmọ̀ jù lọ nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní Zentangle. Rick Roberts àti Maria Thomas, tí wọ́n ń gbé ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n gbé e kalẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000. Iṣẹ́ Maria ni kí ó máa fi ọwọ́ kọ lẹ́tà alárà. Nígbà tí ó ń ya ọnà tí ó ń tún ara rẹ̀ ṣe yí lẹ́tà ńlá kan ká, ó ṣàkíyèsí pé òun kò mọ bí àkókò ṣe ń lọ mọ́, àti pé ìdààmú kankan kò sí lọ́kàn òun. Nígbà tí ó sọ ọ́ fún Rick, ẹni tí ó ti gbé ìgbé ayé mọ́ńkì rí, ìyẹn ẹni tí ó ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ fún àdúrà àti àṣàrò, Rick dáhùn pé àṣàrò gan-an ni ohun tí ó ń ṣe yẹn. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti wá ọ̀nà tí ẹlòmíràn náà, tí kì í ṣe oníṣẹ́ ọnà, yóò fi lè dé ibi tí Maria dé.

Ìwé tí wọ́n ń lò jẹ́ onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ínǹṣì 3.5. Kíkéré rẹ̀ nítumọ̀, nítorí ẹni tí a bá gbé ìwé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ síwájú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ máa ro bí òun yóò ṣe kún un, ṣùgbọ́n èyí tí ó wọ inú àtẹ́lẹwọ́ kò dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Gègé wọn jẹ́ onítàdáwà dúdú tí omi kì í fọ̀, tí ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín. Bí ẹ kò bá rí irú rẹ̀ rà, ẹ má jókòó tì í. Páálí funfun tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá wà ní ọjà Wuse, ó wà ní Kubwa àti Nyanya, ẹ lè fi rúlà àti abẹ gé e sí onígun mẹ́rin kéékèèké. Bírò dúdú náà yóò ṣiṣẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń tutọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí ó yẹ kí ẹ máa nu ẹnu rẹ̀ sí ìwé mìíràn. Ẹ fi pẹ́ńsùlù kan kún un, àti òwú orí igi tí a fi ń nu etí. Ẹ kò nílò rọ́bà ìpàwérẹ́, ẹ má tilẹ̀ gbé e sítòsí.

Ó yá, ẹ wo orí tábìlì níbí. Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo mí kanlẹ̀, mo sì dúpẹ́ díẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ìlànà náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo wá fi pẹ́ńsùlù tọ́ àmì kékeré sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìwé náà, mo so wọ́n pọ̀ kí ó di ààlà, ààlà náà sì wọ́ díẹ̀, kò sì burú bẹ́ẹ̀. Nínú ààlà yìí, mo fa ìlà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí ó lọ́ bí ó ṣe wù ú, tí ó pín àyè náà sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Okùn ni wọ́n ń pe ìlà yìí. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó fún wa ní yàrá tí a ó máa ya ọnà sí. Mo gbé gègé báyìí. Ọnà tí mo fẹ́ yà ni èyí tí wọ́n sọ ní Crescent Moon. Mo ya òṣùpá kékeré kan, ìdajì, tí ó fẹ̀yìn ti ògiri yàrá náà, mo kùn ún dúdú. Mo ya òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo fi àlàfo díẹ̀ sáàárín, mo kùn ún, mo sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí mo fi yí yàrá náà ká. Nísinsìnyí, mo fa ìlà kan tí ó gba orí òṣùpá àkọ́kọ́ kọjá láìfara kàn án, mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo wọn. Mo tún fa ìlà kejì yí ti àkọ́kọ́ ká. Ibi tí ìlà òṣùpá kan bá ti pàdé ti aládùúgbò rẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti dáwọ́ dúró, gẹ́gẹ́ bí ẹni pé ọ̀kan wọ ẹ̀yìn èkejì. Àárín yàrá náà ń há díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kún. Lẹ́yìn náà, mo fi pẹ́ńsùlù ra òjìji sí ẹsẹ̀ àwọn ìlà náà, mo fi òwú rà á kí ó lè rọ̀, wọ́n sì dà bí ohun tí ó wú jáde lára ìwé. Mo fọwọ́ sí igun kan, mo na ọwọ́ jìnnà, mo wò ó.

Ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ yín yẹ̀ níbì kan. Nítorí pé kò sí rọ́bà ìpàwérẹ́, ìlà tí ó yẹ̀ náà ni ẹ ó máa bá lọ: ẹ lè tún irú rẹ̀ yà ní ibòmíràn kí ó di ara ọnà, tàbí kí ẹ fi dúdú kùn ún. Ọ̀rọ̀ tí àwọn olùkọ́ Zentangle máa ń tẹnu mọ́ ni pé kò sí àṣìṣe nínú rẹ̀. N kò gba ọ̀rọ̀ yẹn wọlé tán, nítorí ìlà tí ó yẹ̀ yẹ̀ náà ni, ṣùgbọ́n mo gbà pé ó dára kí a fi ọ̀ràn náà sílẹ̀ kí a sì máa lọ.

Ìdí tí ó fi ń mú ara balẹ̀ kò le. Ojú wà lára ẹnu gègé, ọwọ́ ń tún ohun kan ṣe, ohun tí ó kan láti pinnu kò sì ju ibi tí ìlà tí ó kàn yóò gbà lọ. Ẹni tí ó sáré fà á yóò rí i pé ìlà náà gbọ̀n, nítorí náà mímí rẹ̀ yóò lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn tí ó ń ka tẹ̀súbáà tàbí rosári mọ irú ipò yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àdúrà ni tiwọn, tí èyí kò sì ní ẹ̀sìn kankan nínú. Mo sọ èyí nítorí pé àwọn òbí, Mùsùlùmí àti Kristẹni, máa ń fẹ́ mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó jẹ́ kí ọmọ wọn wá. Kì í sì í ṣe oògùn. Ẹni tí oorun ti dá lójú rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tàbí tí ìbànújẹ́ kò jẹ́ kí ó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, dókítà ni kí ó lọ rí, kí ó wá máa ya ọnà lẹ́yìn ìyẹn.

Ní agbègbè wa yìí, irú ọnà bẹ́ẹ̀ ti wà tipẹ́. Ẹ mú náírà 20 jáde, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà. Obìnrin tí ẹ rí pẹ̀lú ìkòkò níbẹ̀ ni Ladi Kwali, ọmọ ìlú Kwali tí ó wà ní abẹ́ olú-ìlú ìjọba àpapọ̀ lónìí. Ó ti mọ ìkòkò mọ lọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀ kí ó tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ amọ̀kòkò tí Michael Cardew, amọ̀kòkò ará Gẹ̀ẹ́sì, dá sílẹ̀ ní Àbújá. Ọdún 1954 ni Ladi wọ ibẹ̀. Ìlú tí à ń pè ní Suleja báyìí ni Àbújá ìgbà náà. Ẹ wo ara ìkòkò rẹ̀: aláǹgbá, àkekèé, ọ̀nì àti ejò wà nínú àwọn ìpele tí ó yí ìkòkò náà ká, àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tí ó tò lọ ṣùnṣùn sì ni ó pààlà sí wọn. Aláǹgbá náà fúnra rẹ̀, bí ẹ bá tú u palẹ̀, ìlà títẹ̀ díẹ̀ àti ìlà tínrín-tínrín ni. Yunifásítì Ahmadu Bello fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá ní ọdún 1977.

Ní ti àwa Yorùbá, àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni mo rò pé ó súnmọ́ ọn jù. Ẹ̀kọ láfún tí a fi álọ́ọ̀mù sí ni àwọn ìyá wa ń fi ìyẹ́ adìẹ yà sórí aṣọ funfun. Wọ́n pín aṣọ náà sí ojú onígun mẹ́rin, wọ́n sì ń ya ọnà kọ̀ọ̀kan sí ojú kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó rì í sínú aró èlú. Ìbàdàndùn, tí òpó gbọ̀ngàn Mápó wà nínú rẹ̀, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ jù. Ojú onígun mẹ́rin yẹn bá ìwé ínǹṣì 3.5 mu dáadáa. Nítorí náà, bí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Àbújá, tí wọn kò mọ àdìrẹ ju èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà, ojú kan lára àdìrẹ ni mo máa ń fà yọ. Ẹ mú ewé: ìlà kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìlà títẹ̀ kan ní ọ̀tún, òmíràn ní òsì, àwọn iṣan tí ó dà bí eegun ẹja, àti tó-tò-tó yí i ká. Ẹnikẹ́ni tí ó bá lè kọ lẹ́tà I, C, S àti O, tí ó sì lè tọ́ àmì, ti mọ gbogbo ohun tí ọnà náà nílò.

Ẹni tí ó fẹ́ kọ́ni gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ìtúpalẹ̀ yìí fúnra rẹ̀ nílé. Kí ó ya ọnà náà ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀ sórí páálí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ìgbésẹ̀ kan má sì ní ju irú ìlà kan lọ. Ní kíláàsì, olùkọ́ yóò fa ìlà kan níwájú gbogbo wọn, yóò dákẹ́, yóò dúró títí ẹni tí ó lọ́ra jù yóò fi fà á tán. Ibi dídúró yìí ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti ń kùnà, nítorí wọ́n rò pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ túmọ̀ sí pé ó ti sú àwọn ènìyàn. Ẹ má fi gègé yín kan ìwé akẹ́kọ̀ọ́ láé. Bí ó bá fẹ́ ìrànlọ́wọ́, ẹ ya á sórí ìwé tiyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ó máa wò ó. Àwọn màmá tí ó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n máa ń sọ pé ọwọ́ àwọn ti le, pé ti àwọn ọmọdé ni èyí. Ẹ má bá wọn jiyàn, ẹ ní kí wọ́n kàn tọ́ àmì mẹ́rin náà sí igun ìwé. Lẹ́yìn àmì mẹ́rin, màmá kì í dìde mọ́. Àwọn ọmọdé ní tiwọn máa ń yára, nítorí náà ẹ fún wọn ní ọnà tí ó gba kíkùn púpọ̀. Bí Hausa, Gbagyi àti Yorùbá bá jọ wà nínú kíláàsì kan, ọ̀rọ̀ ẹnu kò ní nǹkan púpọ̀ í ṣe. Ọwọ́ tí ń ya ọnà ti tó. Ọmọ tí ó ti lọ iléèwé kéú lè tilẹ̀ sọ fún yín nípa wàláà tí wọ́n ya ọnà sí fún ẹni tí ó kàwé parí, ẹ jẹ́ kí ó yà á fún yín.

Ọ̀sán ni kí ẹ fi kíláàsì sí, lẹ́bàá fèrèsé, nítorí iná lè lọ nígbàkígbà, ojú a sì máa ro ẹni tí ó ń ya ìlà tín-ín-rín lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì. Ní àkókò ọyẹ́, ẹ fi aṣọ bo páálí tí ẹ ti gé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, eruku yóò máa dí ẹnu gègé.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ gbé ọnà rẹ̀ kúrò lórí ìwé lọ sórí aṣọ, ó dára, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Ọ̀pọ̀ aládìrẹ òde òní ń lo kọ́sítíìkì sódà pẹ̀lú aró tí wọ́n rà lọ́jà. Ó ń jó awọ ara, ó sì lè ba ojú jẹ́. Ìta gbangba ni kí ẹ ti pò ó, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà, inú omi ni kí ẹ sì máa da sódà sí, ẹ má ṣe da omi lé sódà. Ọmọdé kò gbọ́dọ̀ débẹ̀: kí wọ́n fi ẹ̀kọ yà á, kí àgbàlagbà bá wọn rẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ni ó kù. Orúkọ tí wọ́n ti dáàbò bò lábẹ́ òfin ni Zentangle, àwọn tí ó bá sì gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín, tí wọ́n gba ìwé-ẹ̀rí, ni wọ́n lè pe ara wọn ní olùkọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò gbà á lè ya ọnà, ó sì lè kọ́ni ní ọnà àdìrẹ lórí ìwé, ṣùgbọ́n kí ó má kọ orúkọ yẹn sára pátákó kíláàsì rẹ̀. Bí ẹ bá máa gba owó, ẹ ro owó páálí àti gègé mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé gègé náà lọ sílé, nítorí ẹni tí kò bá ní gègé nílé kò ní yà á títí di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.