Ẹ Jẹ́ Kí Onílù Wọlé: Ọ̀rọ̀ Lórí Sọ́fítíwià Orin Ọ̀fẹ́

Ẹ kú ìjókòó o. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń kọ kóòdù, àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni wọ́n mọ̀, ẹ̀yin méjèèjì ni mo ń bá wí.

Ẹ jẹ́ ká mú Audacity, sọ́fítíwià tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀, torí òun lẹ mọ̀ jù. Ọdún 2000 ló jáde, ọ̀fẹ́ ni, kóòdù ẹ̀ sì wà ní gbangba. Àmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tẹ́ ẹ bá gba ohùn sílẹ̀ tán tẹ́ ẹ fẹ́ sọ ọ́ di MP3, wọ́n á ní kẹ́ ẹ lọ daunlóòdù nǹkan míì tó ń jẹ́ LAME, òun ló ń sọ ohùn di MP3, kẹ́ ẹ tún wá fi ibi tó wà han Audacity. Páténtì orí MP3, ìyẹn ẹ̀tọ́ òfin tí kì í jẹ́ kéèyàn lo iṣẹ́ oníṣẹ́ láìgbàṣẹ, ló fà á, wọn ò ya ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó kàn fẹ́ fi orin ránṣẹ́ sí ọ̀gá kóyà lórí WhatsApp, kí ló kàn án nínú páténtì? Páténtì yẹn tán ní 2017, 2019 ni wọ́n tó wá fi LAME sínú ẹ̀ fún Windows àti Mac.

LMMS, tí wọ́n fi ń ṣe orin lórí kọ̀ǹpútà, náà ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá débi tí wọ́n ti ń to bíìtì, àpótí 16 ló máa tò síwájú yín, mẹ́rin mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀ 12 ni kónkóló tiwa, ìyẹn bí agogo wa ṣe ń dún. Ó ṣeé yí o, 4/4 kan, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń ka ìlù, wà lókè tẹ́ ẹ lè pààrọ̀, àmọ́ ta ló sọ fún alágogo? Ẹni tó ti ń lu agogo láti kékeré á jókòó síbẹ̀, á rò pé òun lòun ò mọ nǹkan kan, á pa á dé, á padà sídìí sọ́fítíwià olówó tí wọ́n kíràkì, tí ò sanwó ẹ̀ (ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ mọ ara yín). Ṣé ó ṣòro láti fi kónkóló kan sílẹ̀ níbẹ̀ kéèyàn kàn tẹ̀ ẹ́ kó máa lọ ni?

Ohun táwọn MuseScore, sọ́fítíwià tí wọ́n fi ń kọ nóòtì orin, ṣe wù mí. Ní 2019, Martin Keary, tóun fúnra ẹ̀ ń ṣe orin, gbé fídíò sórí YouTube, ó tú sọ́fítíwià wọn palẹ̀ pátápátá, èèyàn á rò pé ìjà máa dé, àfi bí wọ́n ṣe ní kó wá máa darí bí nǹkan náà á ṣe rí. MuseScore 4 jáde ní December 2022, wọ́n ti tún ojú ẹ̀ ṣe yàtọ̀.

Ṣùgbọ́n fídíò kọ́ ni gbogbo olórin máa ṣe. Tẹ́ ẹ bá ní kí onígángan lọ ṣí àkáǹtì sórí GitHub, níbi táwọn tó ń kọ kóòdù ti ń gba ẹ̀sùn, kó fi òyìnbó kọ̀wé nípa version sọ́fítíwià tó ń lò, ẹ ti lé e lọ nìyẹn. Ẹ gba voice note lọ́wọ́ ẹ̀! Kí ẹnì kan nínú yín tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ fún un. Tẹ́ ẹ bá sì lọ jókòó tì í níbi tó ti ń lo sọ́fítíwià yín, ẹ má fọwọ́ kan máòsì, ẹ má là á yé e, ẹ kàn máa kọ gbogbo ibi tó ti dúró sílẹ̀.