Kí Ló Sọ Rúbì Di Pupa?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin òǹwòran wa.

Òkúta tí wọ́n ń pè ní corundum ni rúbì. Alumíníọ̀mù àti ọ́síjìn ló para pọ̀ dì í: alumíníọ̀mù méjì sí ọ́síjìn mẹ́ta. Èyí tí kò bá ní àbùlà kò ní àwọ̀ kankan. Ẹ gbé e sórí ìwé, ẹ ó ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Chromium ló ń sọ ọ́ di pupa, mẹ́táàlì kan náà tí kì í jẹ́ kí ṣíbí wa dípẹtà. Nígbà tí òkúta náà ń dì nínú ilẹ̀, chromium á gba ipò alumíníọ̀mù díẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún ipò, lọ́pọ̀ ìgbà kì í gbà tó ẹyọ kan, síbẹ̀ ìwọ̀nba yẹn ti tó. Bí ìmọ́lẹ̀ bá wọlé, chromium á gbé àwọ̀ ewé àti ìyeyè mì, á tún gbé elése àlùkò mì. Pupa ló ń jẹ́ kó kọjá, pẹ̀lú búlúù díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbí, torí ibi tó wù mí jù nìyí. Chromium yìí kan náà ló ń sọ emerald, òkúta iyebíye mìíràn, di aláwọ̀ ewé! Àyè ló fà á. Chromium tóbi díẹ̀ ju alumíníọ̀mù lọ, nítorí náà ipò tó gbà nínú corundum há mọ́ ọn. Ọ́síjìn mẹ́fà ló yí i ká tí wọ́n fún un pinpin, ìmọ́lẹ̀ tó lágbára díẹ̀ sí i ló sì lè mú ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀, ìyẹn àwọn horo tíntìntín inú rẹ̀, gbéra. Nínú emerald, ìfúnpọ̀ yẹn dẹ̀. Ohun tó ń gbé mì á wá sún sí apá pupa, níbi tí agbára ìmọ́lẹ̀ ti kéré, àwọ̀ ewé á sì rí ọ̀nà kọjá.

Wàyí o, ẹ wo rúbì méjì yìí. Ọ̀kan wá láti Mogok ní Myanmar, èkejì láti Thailand. Mo ti pa iná yàrá, mo sì tan tọ́ọ̀ṣì ultraviolet, ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa kò lè rí, sí wọn. Ẹ ò rí i! Ti Mogok pọ́n yòò bí ẹyin iná. Ti Thailand ṣú síbẹ̀.

Chromium máa ń dá díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ tó gbé mì padà ní pupa. Inú òkúta mábù ni ti Mogok ti dì, irin kò sì pọ̀ níbẹ̀. Ti Thailand bá òkúta òkè ayọnáyèéfín jáde ni, irin sì kún inú rẹ̀. Irin yìí ló ń gba agbára náà mọ́ chromium lọ́wọ́, tí ìmọ́lẹ̀ kò fi jáde mọ́. Nínú oòrùn pàápàá, ultraviolet wà; ìdí nìyẹn tí rúbì Mogok fi ń tàn lójú oníṣòwò, tó sì ń pa owó gọbọi. Ti Montepuez ní Mozambique, tí wọ́n rí ní 2009, sábà máa ń wà láàárín méjèèjì.

Bó bá jẹ́ irin àti titanium ló wọ corundum, búlúù ló máa jẹ́: sáfáyà nìyẹn. Ó wà ní òkè Mambilla, ìpínlẹ̀ Taraba, lọ́dọ̀ wa níbí.

Auguste Verneuil, ọmọ ilẹ̀ Faransé, kéde ní 1902 bó ṣe fi iná yọ́ ìyẹ̀fun alumíníọ̀mù àti ti chromium, tí wọ́n ti bá ọ́síjìn para pọ̀, di rúbì. Ọ̀pá rúbì àtọwọ́dá ni Theodore Maiman, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Amẹ́ríkà, náà lò ní California, ní oṣù Karùn-ún 1960. Ó bu iná yẹ̀rì sí i lára, chromium inú rẹ̀ sì tú ìmọ́lẹ̀ pupa tó lọ tààrà jáde: lésà àkọ́kọ́ láyé.