Bóòtù tó gan lábẹ́ 4Runner: nọ́ọ̀tì kọ́ ló há o!

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Abẹ́ Toyota 4Runner la wà lónìí, èyí tó jáde láàárín 1996 sí 2002. Ẹni tó ni ín ń gba ọ̀nà Ìtagúnmódì, létí Iléṣà níbí, ilẹ̀ pupa sì ń ha á lábẹ́, ló bá ní ká gbé ọkọ̀ òun sókè. A ti gbé e. Sípírìn gíga ti wọlé níwájú àti lẹ́yìn. Mi ò ní sọ̀rọ̀ jáàkì àti òkúta tẹ́ ẹ fi ń há táyà, ẹ ti kúrò lọ́mọdé.

Wàhálà ti wá dé. Táyà iwájú ò dúró ṣánṣán mọ́. Kí aláínmẹ́ńtì tó lè tún un tò, bóòtù tó di apá ìsàlẹ̀ (irin tó so ẹsẹ̀ táyà mọ́ ṣáásí) mú gbọ́dọ̀ yí: méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì. Kò yí. Ó ti gan!

Ibí gan-an ni gbogbo yín ti ń ṣìnà. Ẹ ó fín òróró sí nọ́ọ̀tì, nọ́ọ̀tì á tú wẹ́rẹ́, inú yín á dùn. Ẹ ó wá fa bóòtù, kò ní mira. Nọ́ọ̀tì kọ́ ló há! Rọ́bà wà nínú búùṣì tó wà ní ìdí apá yẹn, páìpù irin wà nínú rọ́bà, inú páìpù yẹn ni bóòtù gbà kọjá. Omi wọ ibẹ̀, ó dógùn-ún, bóòtù àti páìpù di ọ̀kan. Ẹ fi páwà háńdù (ọwọ́ sípánà gígùn) sí i, ẹ fà á, ó yí díẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀, ó padà síbi tó wà. KÌ Í ṢE PÉ Ó Ń TÚ! RỌ́BÀ LÓ Ń LỌ́!

Ẹ wo orí bóòtù yìí dáadáa. Ẹ rí pèrèsé irin yìí, tó wà láàárín etí méjì tó yọ lára ṣáásí? Tẹ́ ẹ bá fipá yí orí bóòtù, etí yẹn á tẹ̀, àbí kó ya, wẹ́dà ló kàn. Mo tún un sọ: NỌ́Ọ̀TÌ NI KẸ́ Ẹ YÍ, ORÍ BÓÒTÙ NI KẸ́ Ẹ DÌ MÚ!

Ẹ po ATF (òróró gíá ọ̀tọ́mátíìkì) àti acetone (omi tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́) ní ìdajì-ìdajì. Ó máa ń gbiná o, ẹ má mu sìgá níbẹ̀. Ẹnu páìpù, níbi tí bóòtù ti wọlé, ni kẹ́ ẹ kán an sí. Kán an láàárọ̀, kán an lálẹ́, tún kán an lọ́la. Ṣé ẹ mọ òṣómàáló, àwọn baba wa Ìjẹ̀ṣà tó ń tà láwìn? Bí onígbèsè bá ní kò sówó, wọn ò ní bá a du ilẹ̀kùn. Wọ́n á lóṣòó síbẹ̀, ilẹ̀ á ṣú, wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Báyẹn ni kẹ́ ẹ lóṣòó ti bóòtù yìí. Ẹ̀yin ẹ̀wẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún péré, ẹ ti gbé òòlù!

Ó dáa, òòlù náà. Ẹ dá nọ́ọ̀tì padà, kó bá ẹnu bóòtù dọ́gba, kẹ́ ẹ tó lù ú, kí ẹnu bóòtù má baà fẹ̀. Bó bá mira, ẹ tún kán òróró sí i, ẹ tún lù ú.

Kò mira? Ẹ gé e. Ṣùgbọ́n ẹ ra bóòtù tuntun, pèrèsé rẹ̀ àti búùṣì sílẹ̀ ná! Ẹ ránṣẹ́ sí ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ ní Ládípọ̀ l'Ékòó kẹ́ ẹ tó tan gíríńdà. Díìsì tínrín, àárín búùṣì àti ṣáásí, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ fi jáàkì gbé apá náà ró, ẹ bo ojú yín. Ti iná gáàsì? Rọ́bà á jó, gírísì bọ́ọ̀lù jọ́íǹtì (oríkèé ẹsẹ̀ ọkọ̀) á yọ́, ọọ̀sì bíréèkì sì wà nítòsí. Èmi ò fẹ́ ẹ.

Tẹ́ ẹ bá ń fi tuntun sí i, ẹ fi gírísì pa ara bóòtù, ibi tó máa wà nínú páìpù. Ẹ má tíì fún nọ́ọ̀tì le o! Ẹ gbé ọkọ̀ sílẹ̀, kó dúró lórí táyà rẹ̀, kẹ́ ẹ tó fún un. Bẹ́ ẹ bá fún un nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń rọ̀ dirodiro, rọ́bà á wà ní lílọ́ nígbà gbogbo, á sì tètè ya.

Ó yá, ẹ tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ aláínmẹ́ńtì kí wọ́n tó ti ṣọ́ọ̀bù.