Dùùrù Dáfídì, Ọ̀kọ̀ Sọ́ọ̀lù

Bíbélì kíkà: 1 Sámúẹ́lì 16:23, 18:6-11
Àkọ́sórí: "Èmi ó fi ẹ̀mí kọrin, èmi ó sì fi òye kọrin pẹ̀lú" (1 Kọ́ríńtì 14:15).

Ẹ kú òwúrọ̀, ẹ̀yin ará. Ní orí 16, bí Dáfídì bá ti ta dùùrù, ara Sọ́ọ̀lù a balẹ̀, ẹ̀mí búburú a sì fi í sílẹ̀. Ẹ wá ṣí orí 18. Dùùrù yẹn náà ni, ọwọ́ yẹn náà ni, àmọ́ ọ̀kọ̀ ni ọba ń jù, ẹ̀ẹ̀mejì ni Dáfídì sì yẹ̀ ẹ́. Kò sí ohun tó ṣe dùùrù. Ìlara ló ti wọ ọkàn Sọ́ọ̀lù (orin tí àwọn obìnrin fi yin Dáfídì ju ọba lọ ló sì bá a wọlé o!).

Orin máa ń wọni lára kí làákàyè tó jí. Bó bá rọra ń lọ, èémí á balẹ̀. Bí ìlù bá yá, àyà á máa lù kì-kì-kì. Omijé á bọ́ ká tó mọ ohun tí à ń sunkún sí. Ọlọ́run ló dá wa bẹ́ẹ̀. Èlíṣà pàápàá ní kí wọ́n mú akọrin wá kí ọwọ́ Olúwa tó bà lé e (2 Àwọn Ọba 3:15). Ṣùgbọ́n omijé yàtọ̀ sí ìrònúpìwàdà. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo, jẹ́wọ́ pé bí ohùn bá ti dùn mọ́ òun ju ọ̀rọ̀ inú orin lọ, òun ti ṣẹ̀. Síbẹ̀, kò ní kí ìjọ dákẹ́.

Lówùúrọ̀ yìí, orin kan ṣoṣo ni kí ẹ mú. Ẹ kọ́kọ́ kà á bí ẹní ń ka lẹ́tà, láìgbé ohùn sí i. Ìlà tí ẹ kò bá lè fi tọkàntọkàn sọ fún Ọlọ́run, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ bi ara yín léèrè ìdí rẹ̀. Ìgbà náà ni kí ẹ tó kọ ọ́, nísàlẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́: ohùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí máa ń ki, ẹni tó bá gbé e sókè jù á dákẹ́ ní ìlà kẹta. (Ohun tí ọ̀pọ̀ aṣáájú orin ń fi ìjọ ṣe nìyẹn, ọ̀fun tiwọn nìkan ni wọ́n fi ń dá orin.) Ẹ má pe ègbè kan ní ìgbà 20 títí òòyì á fi máa kọ́ yín. Lẹ́yìn ẹsẹ ìkẹyìn, ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú 2, kí ẹ má tíì fọwọ́ kan fóònù.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Baba, ìlara tí orin kò lè lé lọ́kàn mi, fi Ẹ̀mí Mímọ́ rẹ fà á tu.

Olúwa, bí ọ̀kọ̀ bá wà lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń kọrin yìí, gbà á kí n tó jáde nílé.

Ẹni tí mò ń bínú sí, fi orúkọ rẹ̀ sí mi lẹ́nu, kí n lè súre fún un.

Àwọn akọrin àti onílù wa, má ṣe jẹ́ kí wọ́n gba ìyìn tó jẹ́ tìrẹ.

Ẹni tí ìbànújẹ́ kò jẹ́ kó lè lanu kọrin láàárọ̀ yìí, gba ìmí ẹ̀dùn rẹ̀ bí orin.

Lórúkọ Jésù Krístì. Àmín.